Àbùlẹ̀ Ọ̀dà lára Ọkọ̀ Àgbà: Ìtàn Iṣẹ́ Kan ní Agbègbè Alímòṣọ́

Ìtàn tí a ti kọ nípa mọ́tò ní ilẹ̀ Yorùbá kò kéré. A ti kà nípa ọ̀nà tí a là, nípa àwọn awakọ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, àti nípa ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí wọ́n ń kọ sí iwájú bọ́lẹ̀kájà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí a fi kun ọkọ̀ náà, èyí tí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n wọ̀nyí jókòó lé lórí, kò tí ì rí ẹni tí yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì wọ inú ọ̀ràn owó, ọ̀ràn òfin, àti ọ̀ràn ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà.

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà tí ó ti Ìyànà Ìbà wá, tí ó la Ìgándò kọjá lọ sí ìhà Ẹgbẹ́dá, tàbí tí ó yà sí ọ̀nà Ìkòtún, kò ní ṣàì rí àwọn tí ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Wọn a fi ìwé ìròyìn àtijọ́ àti téèpù bo gíláàsì àti iná ọkọ̀. Ẹ̀rọ kan a máa kùn ní ẹ̀gbẹ́ wọn, a máa ti atẹ́gùn sínú ohun èlò tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà. Ọmọ iṣẹ́ kan a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa fi omi àti wọ́tà pépà ha ara ilẹ̀kùn títí apá yóò fi ro ó. Pẹ́ńtà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà wọn ni ó mú mi kọ àròkọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni fáàsì bọ́dì. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ fáàsì bọ́dì ni èyí tí ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fi kùn ún ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀dà náà ìbáà ti họ níbi mẹ́wàá, òkúta ìbáà ti ta á níwájú, ẹni tí ó mọ ọkọ̀ yóò fẹ́ ẹ ju èyí tí ń dán yinrinyinrin, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn láti orí dé ẹsẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé bí ọ̀dà bá bó díẹ̀ lára ọkọ̀ àgbà, ohun tí ẹni tí ó ni ín ń bẹ̀ ni kí a bá òun lẹ̀ ẹ́ ní ibi tí ó ti bó nìkan, kí a má ṣe fi ọwọ́ kan ìyókù. Tọ́ọ̀ṣìn ni wọ́n ń pe iṣẹ́ kékeré yìí. Èrò mi ni pé ìfẹ́ àbùlẹ̀ yìí kì í ṣe àṣà àtayébáyé. Kíkùn tuntun ni àwọn tí ó ṣáájú wa kà sí ọlá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó náírà ní 1986 ni ó yí ọ̀ràn náà po.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀dà ọkọ̀ jẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, bí àwọn òyìnbó ti ń kun kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n ṣe ń kun òun náà: búrọ́ọ̀ṣì ni, ìpele lórí ìpele, a óò dúró kí ọ̀kan gbẹ, a óò ha á kí ó jọ̀lọ̀, a óò tún kun òmíràn lé e. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ọkọ̀ kan lè lò nínú ilé ọ̀dà. Henry Ford ní Amẹ́ríkà kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni ó fi ń kun ọkọ̀ Model T rẹ̀. Ní 1923 ni wọ́n fi ọ̀dà titun kan láti ilé iṣẹ́ DuPont, Duco ni orúkọ rẹ̀, kun ọkọ̀ Oakland ti General Motors ní àwọ̀ aró. Ọ̀dà yìí ṣe é fín, kì í sì í pẹ́ gbẹ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wá di iṣẹ́ wákàtí. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó kàn wá gidigidi. Bí ó ti wù kí ó gbẹ tó, tínnà a tún máa yọ́ ọ. Nítorí náà bí a bá fín tuntun lé ògbólógbòó, àwọn méjèèjì a wọ inú ara wọn, ojú kì í sì í tètè mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Irú ọ̀dà yìí, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní sẹ́lúlóòsì, ni ó jọba ní ọ̀dọ̀ wa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe fún mọ́tò, ní 1906. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́kọ́ sọ títa mọ́tò àti títún un ṣe di òwò ńlá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ni ó kó ọ̀dà wọ àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkọ̀ tí ó di bọ́lẹ̀kájà kò dé pẹ̀lú ara. Ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ àti irin ìsàlẹ̀ ni ó ti òkè òkun wá, ìbáà jẹ́ Bedford tàbí Austin; àwọn káfíńtà wa ni ó fi pákó kọ́ ara rẹ̀, àwọn akunlé sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun pákó náà gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ti kun fèrèsé. Ilé ni bọ́lẹ̀kájà, ilé tí ó ní ẹsẹ̀. Ta ni yóò sì fi ojú burúkú wo ẹni tí ó tún ilé rẹ̀ kùn? Ojúbọ òrìṣà tí ọdún rẹ̀ ń bọ̀, àwọn obìnrin a máa tún ògiri rẹ̀ kùn. Efun, osùn àti aró tuntun a bo ti èṣí mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí í béèrè pé kí ni ẹ ń fi pamọ́. Kíkùn ni ìsọdọ̀tun. Ọkàn yìí kan náà ni àwọn ènìyàn wa gbé lọ sí ọ̀dọ̀ mọ́tò.

Ní àkókò yẹn, oko àti abúlé ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní Alímòṣọ́ lónìí. Ilẹ̀ Àwórì ni. (Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, kí ó lọ bi àwọn àgbà Ìṣẹ̀rì léèrè ìtàn Ọlọ́fin àti àwo tí ó rì, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín, n kò ní dé ibi tí mo ń lọ.) Abẹ́ Ìkẹjà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni a kà á sí títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 May 1967. Àwọn ilé tí ìjọba kọ́ wà lára ohun tí ó kó àwọn olówó oṣù, àti mọ́tò wọn, wọ agbègbè náà: Gowon Estate ní ìhà Ẹgbẹ́dá, Shagari Estate ní Ìpájà, àti èyí tí ìjọba Gómìnà Lateef Jakande, tí ó ṣe ìjọba láti 1979 sí 1983, kọ́ sí Abẹ́sàn. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2006, iye tí ìjọba àpapọ̀ kà ní Alímòṣọ́ jẹ́ 1,277,714, ìjọba Èkó sì ní wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí owó epo rọ̀ṣòmù ni mọ́tò pọ̀. Ìjọba gba àbá ìgbìmọ̀ Udoji ní 1974, owó oṣù sì fò sókè. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì, tí kò jìnnà sí Ìgándò. Volkswagen kékeré tí a ń pè ní Ìjàpá, tí ó ti gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀, tún ń jáde láti Ọ̀jọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní titun mọ ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Kò sí ohun tí ọ̀dà lè sọ fún un tí kò tí ì mọ̀. Bí oòrùn bá ti pa àwọ̀ náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó lè gbé e lọ fún pẹ́ńtà kí ó kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀, ó tilẹ̀ lè yí i padà kúrò ní funfun sí àwọ̀ ewé bí ó bá wù ú, àwọn aládùúgbò a sì máa kí i bí ẹni tí ó ra ọkọ̀ titun. Sẹ́lúlóòsì kò sì wọ́n jù fún olówó oṣù.

Ní September 1986 ni ìjọba Ibrahim Babangida tú owó náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Náírà wó lulẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ọkọ̀ titun ti kọjá agbára olùkọ́ àti akọ̀wé, iṣẹ́ sì dẹ̀ gidigidi ní Ọ̀jọ́. Ọkọ̀ àlòkù láti Ìlú Òyìnbó ni ó gba ipò náà, púpọ̀ nínú wọn sì gba èbúté Kùtọ̀nú wọlé. Tòkunbọ̀ ni àwọn ènìyàn sọ wọ́n, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé. Orúkọ náà dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀. Ọmọ tí ń jẹ́ Tòkunbọ̀ ní ìyá tí yóò sọ bí a ti bí i. Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ kò ní ẹlẹ́rìí kankan bí kò ṣe ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀dà ti di ẹlẹ́rìí. Ọkọ̀ tí ó ti forí sọ igi ní ilẹ̀ ibòmíràn, tí a tún irin rẹ̀ nà, tí a fi pọ́ọ̀tì dí kòtò rẹ̀, tí a sì kùn ún, a máa dán ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ọjà. Ojú àwọn oníbàárà là díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́ láti fi ìka kan ara ilẹ̀kùn kí wọ́n gbọ́ bóyá irin ni ó ń dáhùn tàbí pọ́ọ̀tì, nítorí ohùn irin a máa dún, ti pọ́ọ̀tì a kú. Wọ́n kọ́ láti gbé òòfà kékeré dání, tí í lẹ̀ mọ́ irin, tí kì í sì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ibi tí pọ́ọ̀tì bá nípọn. Wọ́n ń ṣí rọ́bà etí fèrèsé wò bóyá ọ̀dà ta sí i. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ rẹ̀ nítorí kí ó lè rí tà wá rí i pé ńṣe ni àwọn ènìyàn ń bi òun pé, “Kí ni ó ṣe ọkọ̀ yìí?” Òfin tí ó ní kí a má ṣe kó ọkọ̀ wọlé láti ibodè ilẹ̀ mọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní January 2017, sọ pé èbúté nìkan ni kí wọ́n gbà; kò yí ìbéèrè yìí padà. Bí mo ti wò ó, èyí ni ìyípadà tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn ọ̀dà ọkọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, ó tóbi ju ti ẹ̀rọ tàbí ti irú ọ̀dà lọ: àwọ̀ tuntun, tí ó jẹ́ ìdí ìkíni, di ìdí ìfura.

Nípa bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ́wọ́ pẹ́ńtà ṣe di èyí tí ó ṣòro jù. Ẹni tí ó ń kun gbogbo ọkọ̀ kò ní àwọ̀ àtijọ́ tí yóò bá dọ́gba. Ẹni tí ń lẹ àbùlẹ̀ ní i, àwọ̀ náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an láti tú u fó.

Ìpáàrà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Atẹ́gùn Èkó ní ọ̀rinrin, nígbà tí ó bá sì ti òkun wá ó ní iyọ̀ nínú. Bí òkúta bá ta ọ̀dà títí ó fi kan irin, omi a gba ibẹ̀ wọlé, irin náà a dógùn-ún, ìpáàrà a sì máa rìn lábẹ́ ọ̀dà bí ikán ti í rìn lábẹ́ ẹní. Ibi tí a rí kò tóbi ju èékánná lọ. Nígbà tí a bá fi abẹ ṣí i, a lè bá a tí ó ti dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Pẹ́ńtà tí kò ní ìwà a kun ọ̀dà lé e bẹ́ẹ̀, yóò sì dán ní ọjọ́ tí a bá gbé ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n òjò kan ṣoṣo ni ó kù tí yóò fi wú bí ẹran tí iná jó. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a ha á títí irin funfun yóò fi yọ, a fi wọ́tà pépà tín-ín-rín etí ọ̀dà àtijọ́ títí ọwọ́ kò fi ní mọ ibi tí ó ti parí, a wá fi púráímà bò ó kí ó tó ronú kan àwọ̀.

Àwọ̀ náà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ a máa kọ àmì àwọ̀ rẹ̀ sára pátákó kékeré kan, ní ẹnu ilẹ̀kùn tàbí nídìí ẹ́ńjìnnì. A lè gbé àmì yìí lọ fún àwọn tí ń po ọ̀dà, kí kọ̀ǹpútà sọ iye ìwọ̀n tí wọn yóò fi pò ó. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ọjọ́ tí a bí ọkọ̀ ni àmì náà mọ̀. Kò mọ oòrùn tí ó ti pa á láti ìgbà náà. Pẹ́ńtà kò wá àwọ̀ tí ọkọ̀ ní nígbà kan. Èyí tí ó ní ní òwúrọ̀ yìí ni ó ń wá, nítorí náà a máa fi ojú pò ó, a kán díẹ̀ sínú rẹ̀, a kun ún sára nǹkan, a jẹ́ kí ó gbẹ, a gbé e sún mọ́ ọkọ̀ nínú oòrùn, a tún kán díẹ̀. A máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé funfun, pupa àti dúdú ni ìpìlẹ̀ àwọ̀ nínú èdè Yorùbá, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ti pẹ́ńtà fún wákàtí kan yóò gbọ́ bí èdè náà ti ń tọ àwọ̀ lẹ́yìn. Funfun báláú yàtọ̀ sí funfun tí ó fẹ́ pọ́n. Funfun tí ó ní aró díẹ̀ nínú yàtọ̀ sí méjèèjì, bí ẹni tí ń po ọ̀dà bá sì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i. Mo rò pé ẹ̀ka ìmọ̀ èdè lè rí iṣẹ́ ṣe ní gáàrèjì.

Àwọ̀ fàdákà ni wọ́n bẹ̀rù jù. Ègé irin wẹ́wẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ṣe sùn nígbà tí a fín in ni wọn yóò ṣe tan ìmọ́lẹ̀ padà. Ọ̀dà kan náà, láti inú agolo kan náà, a máa dúdú sí i bí a bá fín in súnmọ́ jù, a sì máa funfun sí i bí a bá jìnnà.

Ọ̀dà fúnra rẹ̀ kò sì rọ̀ mọ́. Láti nǹkan bí 1980 sí iwájú ni àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ti ń kun ọkọ̀ ní ìpele méjì: àwọ̀ nísàlẹ̀, kílíà tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì lórí. Oòrùn wa ni í pa kílíà yìí. A máa kọ́kọ́ funfun lórí òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, a wá máa ṣí ní ìpele ìpele bí awọ ejò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà tí a ń pò pọ̀ mọ́ háádínà, tí ó ti gba ọjà lọ́wọ́ sẹ́lúlóòsì, bí ó bá ti gbẹ, tínnà kò lè yọ́ ọ mọ́. Ògbólógbòó àti tuntun kò lè wọ inú ara wọn bí ti àtijọ́. Nítorí náà ni pẹ́ńtà ṣe ń jẹ́ kí àwọ̀ tuntun ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ti àtijọ́, tí ó sì ń fín kílíà bo gbogbo ilẹ̀kùn náà títí dé etí rẹ̀, kí ojú ìlẹ̀ má bàa hàn. Lẹ́yìn èyí ni kọ́ńpáàǹdì àti àkísà yóò parí iṣẹ́.

Háádínà yìí ní ewu tí sẹ́lúlóòsì kò ní. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú rẹ̀, tí í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí ó sì lè fún ẹni tí ń fa á símú ní ikọ́ fée. Ní àwọn ilẹ̀ tí òfin ti múlẹ̀, inú yàrá tí a ti ń fa atẹ́gùn jáde ni a ti ń fín in, ẹni tí ń fín in a sì wọ ìbòjú tí atẹ́gùn mímọ́ ń gba inú rẹ̀ wá. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìkòtún, aṣọ ìnujú ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ so mọ́ imú. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n gba òmìnira nígbà sẹ́lúlóòsì ni ó kọ́ wọn, bí àwọn náà ti ṣe ń so aṣọ mọ́ imú ni wọ́n sì fi hàn wọ́n. A kò lè fi ìyẹn dá ọ̀gá lẹ́bi tán, nítorí agolo dé ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú ẹ̀kọ́ nípa agolo. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ọkọ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè sọ ọ́ di ọ̀ranyàn pé a kò ní fún ọmọ iṣẹ́ kankan ní òmìnira láìjẹ́ pé ó mọ ohun tí ń pa á.

Irú ọkọ̀ kan wà tí ọ̀rọ̀ fáàsì bọ́dì kò kàn rárá, òun náà ni ó sì pọ̀ jù ní ìyànà Ìkòtún. Dáńfó ni. Òfin Èkó ni ó ní kí ó wọ yẹ́lò àti ilà dúdú, kí ó lè yàtọ̀ sí kábúkábú, tí í kó èrò pẹ̀lú àwọ̀ ọkọ̀ ilé. Àwọ̀ ọkọ̀ sì wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó bá yí àwọ̀ padà tí kò yí ìwé padà yóò rí ohun tí yóò bá ọlọ́pàá sọ. Ní February 2017, Gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé òun fẹ́ kó dáńfó yẹ́lò kúrò ní ojú pópó. Ọdún ti gorí ọdún, wọ́n ṣì ń ná Ìgándò àti Ẹgbẹ́dá. Kò sí ẹni tí í pe pẹ́ńtà àwọ̀ fàdákà sí wọn. Awakọ̀ lè ra agolo yẹ́lò kékeré, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ ní àárọ̀, kí ẹni tí ń mú ọkọ̀ má bàa rí ìdí, gẹ́gẹ́ bí akunlé ti ṣe sí bọ́lẹ̀kájà.

Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ní Jámánì tàbí ní Hólàńdì kí wọ́n tó dé. Ní ọ̀dọ̀ wa ni a ti gé irin ẹ̀gbẹ́ wọn láti ṣe fèrèsé. Bí yẹ́lò bá bó lára irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, a ó tún rí yẹ́lò mìíràn lábẹ́ rẹ̀, tí ó pọ́n díẹ̀ ju ti òkè lọ, láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ fi í kó èrò. Lábẹ́ ìyẹn, bí a bá fi èékánná ha á, funfun tàbí àwọ̀ aró yóò yọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìdajì lẹ́tà kan nínú orúkọ oníṣòwò tí ó rà á ní titun. Púráímà ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn púráímà, irin ni, tàbí ìpáàrà.